Erùpẹ̀ Òṣùpá tí wọ́n lọ̀ láyé: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí, àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí ọkọ̀ Íńdíà ti gúnlẹ̀ sórí Òṣùpá lọ́dún 2023 ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ilẹ̀ Òṣùpá sínú ilé kan kí wọ́n tó gbéra? Òótọ́ ni. Mo kó àwọn ìbéèrè yín jọ síbí. Ìdáhùn àwọn kan ò gùn, àwọn kan sì wà tí ẹ ní láti fara balẹ̀ bá mi jókòó.

Kí ni erùpẹ̀ àtọwọ́dá yìí gan-an?

Òkúta ayé yìí náà ni. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á kù ú, títí á fi jọ erùpẹ̀ Òṣùpá tàbí ti pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ rán lọ síbi tí mẹkáníìkì ò lè dé láéláé ní láti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ sáà rò ó wò: bí táyà bá rì lórí Máàsì, kò sí ọmọ àdúgbò tó máa wá bá wọn tì í.

Àmọ́ kí á ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀nà kan ni ó fi ń jọ ọ́, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà. Èyí tó bá a mu ní àwọ̀ lè má bá a mu ní bó ṣe ń dì mọ́ra. Èyí tó ní èròjà kan náà lè má mú bíi tirẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá bi mí pé “èwo ló dáa jù nínú wọn?”, èmi náà á bi í pé “fún iṣẹ́ wo?”

Ṣebí wọ́n ti gbé erùpẹ̀ Òṣùpá gidi wá? Kí ló dé tí wọn ò lo ìyẹn?

Wọ́n gbé e wá lóòótọ́. Láàárín ọdún 1969 sí 1972, ìrìn àjò Apollo mẹ́fà tí àwọn ará Amẹ́ríkà rìn lọ sórí Òṣùpá kó òkúta àti erùpẹ̀ tó tó kílò 382 wálé. Chang'e-5 ti Ṣáínà gbé gíráàmù 1,731 wá ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Chang'e-6 sì gbé 1,935 wá ní 2024 láti ẹ̀yìn Òṣùpá, apá tí kì í kọjú sí wa.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn LUNA tó wà ní Cologne, ní Jámánì, èyí tí àjọ òfurufú Yúróòpù, ESA, àti ti Jámánì, DLR, ṣí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Erùpẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n dà sínú ilé kan ṣoṣo yẹn tó tọ́ọ̀nù 900. Gbogbo ohun tí Apollo kó wá ò lè bo igun kan níbẹ̀. Ahun sì ni àwọn tó ń tọ́jú erùpẹ̀ gidi náà, wọ́n sì jàre: àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Florida tó gbin nǹkan sínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tọrọ láàárín ọdún 11 kí wọ́n tó fún wọn ní gíráàmù 12. Kò kún ṣíbí ọbẹ̀. Ta ló máa wá gbé ìyẹn sábẹ́ táyà?

Ti Máàsì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò tíì gbé ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ ibẹ̀ wálé. Òkúta Máàsì tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá nìkan la ní, ìyẹn àwọn tó já láti ojú ọ̀run. Ọ̀kan já sí Nàìjíríà níbí, ní Zagami, ní ilẹ̀ Katsina, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1962. Wọ́n ní àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo rẹ̀ ni ariwo ńlá sọ, tí òkúta tó tó kílò 18 sì wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ òkúta líle nìyẹn. Kò sọ fún wa bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń rì.

Níbo ni wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n ń lọ̀?

Ìdí àwọn òkè tó ti yọ iná rí ló pọ̀ jù. Àwọn ibi tó dúdú lójú Òṣùpá, èyí tí a máa ń nà sí tí a bá wòkè lálẹ́, òkúta yíyọ́ tó ṣàn tó sì dì ni. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ la ń pè ní basalt, ó sì pọ̀ láyé. Erùpẹ̀ Òṣùpá àtọwọ́dá JSC-1, tí àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, NASA, gbé jáde ní 1993, eérú òkè oníná ni, wọ́n wà á nítòsí Merriam Crater, lẹ́bàá ìlú Flagstaff ní Arizona. Ti Máàsì tí wọ́n ṣe ní 1997 wá láti Pu'u Nene ní Hawaii. Àwọn ará Jámánì ń wa tiwọn ní agbègbè Eifel, àwọn ará Japan sì lo ti òkè Fuji.

Ibi tó funfun lójú Òṣùpá ni wàhálà wà, torí òkúta ibẹ̀, anorthosite, kì í ṣe ohun tí ẹ máa bá níbi gbogbo. Íńdíà ń bọ̀ wá sílẹ̀ nítòsí apá gúúsù Òṣùpá, irú òkúta yìí gan-an ni wọ́n sì nílò. Ti Amẹ́ríkà ń lọ ní nǹkan bí dọ́là 150 fún kílò kan nígbà náà, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ni wọ́n sì ń wá. Ẹ ṣírò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ òkúta wọn ló wá sọ pé ó wà nílé, ní Sittampundi, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu. Wọ́n wà á, wọ́n fọ́ ọ ní Salem, wọ́n gbé e lọ sí Bengaluru, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì wa Pragyan, ọkọ̀ kékeré tó máa rìn lórí Òṣùpá, lórí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ní 2019, ọkọ̀ tó gbé Pragyan já lulẹ̀ kó tó balẹ̀, erùpẹ̀ kọ́ ló fà á. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọkọ̀ Chandrayaan-3 gúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, Pragyan kejì sọ̀ kalẹ̀, ó sì rin nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà lórí ilẹ̀ tí irú rẹ̀ ò ṣàjèjì sí i.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín èyí àti iyanrìn ẹ̀yìnkùlé mi?

Ìrísí hóró rẹ̀ ni. Iyanrìn odò wa, omi ti yí i lọ yí i bọ̀ títí etí rẹ̀ fi dán. Òṣùpá ò ní omi tó ń ṣàn, kò ní afẹ́fẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ láti ojú ọ̀run ló ń bà á láti àìmọye ọdún, tó ń fọ́ ọ, tó ń yọ́ ọ, tó sì ń lẹ àfọ́kù rẹ̀ pọ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ ṣáà mọ àfọ́kù ìgò tí wọ́n máa ń rì mọ́ orí ògiri ilé kí olè má baà fò ó. Bẹ́ẹ̀ ni hóró erùpẹ̀ Òṣùpá ṣe rí, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán lè má rí i.

Ẹ dán nǹkan kan wò nínú ilé ìdáná yín. Ẹ bu gààrì gbígbẹ sínú àwo kan, ẹ bu èlùbọ́ sínú èkejì. Ẹ ti ìka bọ gààrì, kí ẹ yọ ọ́: ihò náà á dí lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti ìka kan náà bọ èlùbọ́: ihò náà á dúró gbangba, kódà ẹ lè rí ilà ìka yín lára ògiri rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹsẹ̀ àwọn tó rin lórí Òṣùpá fi hàn kedere bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò. Ilẹ̀ ibẹ̀, èlùbọ́ ni, kì í ṣe gààrì. Ẹ fi àwo méjèèjì yìí sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ wá sídìí wọn.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ti lọ òkúta náà tán, wọn ò ní jẹ́ kí etí rẹ̀ dán. Wọ́n á fi oríṣiríṣi ajọ̀ kù ú, wọ́n á sì po líle, kíkúnná àti eruku pọ̀ ní ìwọ̀n tí erùpẹ̀ Apollo fi hàn wọ́n. Àwọn kan tún máa ń yọ́ apá kan nínú rẹ̀ di gíláàsì. Àwọn hóró tó lẹ̀ pọ̀ mọ́ gíláàsì yẹn ni kò rọrùn rárá láti farawé, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà ni ò sì ní in.

Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì gbé erùpẹ̀ Máàsì wá, báwo ni wọ́n ṣe mọ ohun tí wọ́n ń farawé?

Àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ló ń sọ fún wọn. Ní 2012, Curiosity, ọkọ̀ tí NASA rán lọ sí Máàsì, bu erùpẹ̀ níbi kan tí wọ́n ń pè ní Rocknest, ó sì tan ìtànṣán X-ray sí i. Èsì rẹ̀ ni pé ó jọ erùpẹ̀ òkè oníná Hawaii. Àwọn tó ti lọ wà á ní Hawaii ní ọdún 15 ṣáájú ìgbà náà á ti rẹ́rìn-ín. Èsì Rocknest yìí náà ni wọ́n gbé yẹ̀wò ní Yunifásítì Central Florida tí wọ́n fi po MGS-1, erùpẹ̀ Máàsì àtọwọ́dá tí wọ́n gbé jáde ní 2019, èròjà lẹ́yìn èròjà bí ẹní ń po àgbo.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ní 2008, ọkọ̀ Phoenix bá iyọ̀ kan tó ń jẹ́ perchlorate nínú ilẹ̀ Máàsì. Tí wọ́n bá gbé irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú iná, iyọ̀ náà á tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sílẹ̀, á sì jó àwọn èròjà tí ẹ̀rọ ń wá gan-an. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ dán ẹ̀rọ tó ń wá àmì ohun ẹlẹ́mìí wò ní láti bu iyọ̀ yìí sí i.

Irú ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń dán wò lórí rẹ̀?

Táyà, ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀, ọwọ́ onírin tó ń bu erùpẹ̀, iná lésà tó ń yẹ òkúta wò, aṣọ àwọn tó ń lọ. Ní 2023, NASA fi iná lésà yọ́ erùpẹ̀ Òṣùpá àtọwọ́dá ní Houston, nínú yàrá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, kí wọ́n lè yọ ọ́síjìn inú rẹ̀. Ọ́síjìn ló sì pọ̀ jù nínú erùpẹ̀ Òṣùpá tí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó kàn so mọ́ àwọn èròjà mìíràn ni.

Ọ̀tá tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni eruku. Ní oṣù kejìlá ọdún 1972, ìbòrí táyà mọ́tò Apollo 17 ya, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wọn lórí bí òjò. Máàpù tí wọ́n mú dání ni wọ́n fi téèpù lẹ̀ pọ̀ ṣe ìbòrí tuntun. Wọ́n ti wá ṣe gíláàsì tí iná mànàmáná ń sáré lórí rẹ̀ tó ń gbọn eruku dànù. Eruku àtọwọ́dá ni wọ́n fi dán an wò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kennedy Space Center kó tó bá ọkọ̀ Blue Ghost lọ sórí Òṣùpá ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun gbogbo fúyẹ́ lórí Òṣùpá àti Máàsì. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn láyé?

Ìbéèrè gidi nìyí. Lórí Òṣùpá, nǹkan á wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tó wúwo láyé. Lórí Máàsì, á tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Curiosity tó kílò 899, tí wọ́n bá wa odindi rẹ̀ lórí iyanrìn láyé, á rì ju bó ṣe yẹ lọ. Ni wọ́n bá ṣe èkejì rẹ̀ tí wọ́n bọ́ gbogbo nǹkan inú rẹ̀ kúrò, ẹsẹ̀ àti egungun nìkan ló kù, kí ìwúwo rẹ̀ láyé lè bá ti Curiosity lórí Máàsì mu. Kò ní kọ̀ǹpútà tó ń ronú fún un, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Scarecrow, ìyẹn ère tí àgbẹ̀ máa ń gbé sóko kó máa lé ẹyẹ. Àgbẹ̀ Zagami ì bá rí i rà!

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ò pé. Ọkọ̀ ni wọ́n dín ìwúwo rẹ̀ kù. Erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń wúwo bí erùpẹ̀ ayé, ó ṣì ń tẹra mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé táyà dáadáa ju bí ti ọ̀hún ṣe máa gbé e lọ. Ìdánwò náà ń pọ́n ọkọ̀ lé díẹ̀.

Ṣé erùpẹ̀ yìí ti já wọn kulẹ̀ rí?

Ó ti já wọn kulẹ̀, ó sì dùn wọ́n gan-an. Ọkọ̀ InSight balẹ̀ sórí Máàsì ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ó sì gbé ẹ̀rọ kan dání tí àwọn ará Jámánì ní DLR ṣe. Bí ọ̀pá ló rí, kò gùn ju nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Orúkọ ẹranko kan tó ń gbẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Òkété. Iṣẹ́ Òkété ni kó gbẹ́lẹ̀ lọ títí dé mítà 5, kó lọ wọn bí inú Máàsì ṣe gbóná tó.

Òòlù kan wà nínú ikùn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òòlù náà bá lu orí rẹ̀ síwájú, ara rẹ̀ á ta padà sẹ́yìn. Ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ títa padà yẹn ni erùpẹ̀ tó bá dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láyé níbí, erùpẹ̀ tí wọ́n fi dán an wò máa ń ya bò ó, á sì há a. Gààrì ni.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2019, Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Kò pẹ́ tó fi dúró. Nígbà tí wọ́n gbé ohun tó bò ó kúrò, fọ́tò fi hàn pé ihò tó fẹ̀ jù ú lọ ti ṣí sílẹ̀ yí i ká, ògiri ihò náà sì dúró gbọnyin. Òkété wà láàárín, ó ń jó lójú kan, nǹkan kan ò dì í mú. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti dì pọ̀, ó sì ní èèpo líle lókè. Èlùbọ́ ni wọ́n lọ bá.

Wọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ onírin InSight fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò, ó sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ó tún ta jáde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n ro erùpẹ̀ lé e. Nílé, wọ́n ń gbìyànjú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lórí erùpẹ̀ tuntun kí wọ́n tó ránṣẹ́ sókè. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn ìlù 500 tó kẹ́yìn, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Gbogbo ara Òkété ti wọlẹ̀, àmọ́ kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ láti òkè. Lójú tèmi, ẹ̀rọ náà ò láìsàn kankan. Ìbéèrè tí wọ́n bi ilẹ̀ àtọwọ́dá ni kì í ṣe èyí tí Máàsì máa bi wọ́n.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí Phoenix ṣáájú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ó bu erùpẹ̀ lé orí ajọ̀ tó wà lẹ́nu ààrò rẹ̀. Erùpẹ̀ jókòó sórí ajọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbọn ajọ̀ lónìí, wọ́n gbọn ọ́n lọ́la, títí ó fi dà wọlé lọ́jọ́ kan. Gbogbo ẹni tó bá ti ku èlùbọ́ tó tutù díẹ̀ rí mọ ohun tí ojú wọn rí.

Ǹjẹ́ ó ti yọ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀fìn?

Ó yọ Opportunity, ọkọ̀ NASA kan tó ń rìn lórí Máàsì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, ọkọ̀ náà há sínú òkìtì iyanrìn kan. Ní Pasadena, ní Amẹ́ríkà, wọ́n po irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n rì ọkọ̀ ìdánwò sínú rẹ̀, wọ́n wá ọ̀nà àbáyọ títí. Ọgbọ́n tó jáde ni èyí tí dẹ́rẹ́bà èyíkéyìí ì bá sọ fún wọn: ẹ fi rìfáàsì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó jáde.

Spirit, ìkejì rẹ̀ lórí Máàsì, ò rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní 2009, táyà rẹ̀ já èèpo ilẹ̀ kan wọ inú erùpẹ̀ tó rọ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n fi amọ̀ gbígbẹ àti erùpẹ̀ kan tó jẹ́ àkù àwọn ohun tíntìntín inú omi po ohun tó jọ ọ́, wọ́n sì fi oṣù púpọ̀ dán ọgbọ́n wò. Táyà kan ti kú tẹ́lẹ̀, òmíràn tún kú. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan. Ohùn rẹ̀ tó kẹ́yìn wá ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún náà.

Ṣé ó léwu fún ẹni tó ń fọwọ́ kàn án?

Eruku rẹ̀ léwu. Ó kúnná, ó sì mú, ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́ ń wá àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń fọ́ òkúta níbi ilé iṣẹ́ òkúta wa ṣe mọ̀. Ìbòmú tó há mọ́ra ni wọ́n ń lò, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n so mọ́mú.

Ṣé a lè ṣe tiwa ní Nàìjíríà?

A lè ṣe é. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Artemis, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí bí wọ́n ṣe máa lo Òṣùpá àti òfurufú, ní oṣù kejìlá ọdún 2022, nítorí náà ọ̀rọ̀ Òṣùpá ti kàn wá. Kí ẹ má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìdí Olúmọ o. Òkúta granite ni ìyẹn, kò bá ti Òṣùpá mu. Basalt wà ní Jos àti Biu, ibẹ̀ ni mo máa tọ́ka sí. Ní ti ilẹ̀ pupa wa, èròjà tó pọ́n ọn náà ló pọ́n Máàsì, ìyẹn irin tó dípẹtà. Àwọ̀ nìkan ni ìbátan wọn ṣá o. Òjò ti fọ tiwa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọmọ mi ní kí n béèrè: báwo ni ó ṣe ń rùn?

Ẹ bá mi kí i. Àwọn tó dé Òṣùpá ní tí àwọn bá wọlé tí àwọn bọ́ àṣíborí, eruku ara aṣọ àwọn máa ń rùn bí ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn. Ọdẹ á mọ òórùn yẹn. Imú Harrison Schmitt ti Apollo 17 tiẹ̀ dí nítorí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí erùpẹ̀ náà fi dé Houston, òórùn ti lọ. Èyí tí wọ́n lọ̀ láyé ò ní in rárá. Eruku òkúta lásán ni imú máa gbọ́.